Ó Ti Kún, Ẹ Má Wulẹ̀ Wá

Ẹ bá mi kí Olúwaṣògo. Ẹ kí i dáadáa o, nítorí kì í dáhùn ìkíni kúkurú. Tí ẹ bá kàn ní "Ẹ káàsán," á wo ọ̀tún, á wo òsì, bí ẹni pé ẹlòmíràn lẹ ń bá wí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní, "Ẹ káàsán, Sí-í-ò, Ọ̀gá pátápátá, Ajókòó-bí-ọba, Apẹ́dé-kọ́kọ́-jẹ," ẹ ó rí gbogbo eyín ẹnu rẹ̀.

Ìsọ̀ kan ló ní ní ìkóríta Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tó ti ń ta àpò fóònù, wáyà ṣájà àti gíláàsì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú fóònù. Ìsọ̀ náà ò gba èèyàn méjì. Tí oníbàárà bá wọlé, Ṣògo á bọ́ síta. Síbẹ̀, pátákó tó gbé kọ́ iwájú rẹ̀ fẹ̀ ju ìsọ̀ ọ̀hún lọ: "Ògo Intanáṣọ́nà, Orílé-Iṣẹ́." Ibi tí àwọn ẹ̀ka yòókù wà, kò tíì sẹ́ni tó rí i.

Ohun kan ṣoṣo ni Ṣògo kórìíra láyé: kó dúró de nǹkan. Kì í tò. Tó bá dé bánkì, á ní òun mọ mánéjà. Tó bá dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀, á ní ọkọ̀ òfuurufú ń dúró de òun. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pàápàá, á máa kan ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó wà nínú, á ní ọ̀rọ̀ ìjọba ni.

Ṣùgbọ́n ilé ọtí ò mọ sí-í-ò. Lọ́jọ́ Sátidé, tí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú òyìnbó bá ń gbá a, àga máa ń wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́ ju epo lọ. Àwọn tó tètè dé á ti jókòó, àwọn tó pẹ́ á fara ti ògiri, àwọn tó pẹ́ jù á máa na ọrùn lójú fèrèsé. Ẹni tó béèrè ẹja, á dúró. Ẹni tó béèrè ọtí tútù, á dúró títí, tí ọtí náà bá fi máa dé ọwọ́ rẹ̀, ó ti gbóná.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti sọ sí Ṣògo lórí. Ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí Wásáàpù, ó sọ ọ́ ní "Ṣé Àyè Wà?" Lọ́sàn-án Sátidé, á gun ọ̀kadà, á yí gbogbo ilé ọtí ìlú ká, á máa yọjú sínú wọn, á sì máa kọ ohun tó bá rí lójú ẹsẹ̀. "Gbádùn: àyè wà." "Ìtura: ó ti kún." "Ti ìdí pápá: àga méjì ló kù, ẹ sáré!" Ẹni tó wà nílé á wo fóònù rẹ̀, á ti mọ ibi tí òun máa gbà, kò ní fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ kiri.

Ká má purọ́, nǹkan ire ni. Gbogbo ìlú wọlé sínú rẹ̀. Wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n ń ṣàdúrà. Bàbá kan tiẹ̀ ní, "Ṣògo, Ọlọ́run á fún ẹ láyè lọ́run!" Ṣògo ti ṣe àmín tán kó tó rántí pé òun ò tíì fẹ́ lọ.

Ìyìn náà gun orí rẹ̀. Ó pa orúkọ dà lórí fóònù, ó di "Ọba Àyè." Àwọn aláwàdà kan ń pè é ní Ọba Ayé, kò bá wọn wí. Nígbà tó yá, ó ní ariwo pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́, ló bá ti gbogbo èèyàn lẹ́nu pa. Òun nìkan ló wá lè kọ nǹkan síbẹ̀. Àwọn yòókù, ojú ni wọ́n fi ń wò.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Ilé ọtí tí Ṣògo fẹ́ràn jù ni Ìtura, lẹ́yìn Ọjà Igbó. Ògúnfúnkẹ́ ló ni ín, obìnrin kan tó ń se ẹja àrọ̀ ọlọ́bẹ̀ ata débi pé imú á máa ṣàn, ojú á máa ṣomi, ẹnu á sì máa ní kí wọ́n fi kún un. Àga kan wà níbẹ̀ lábẹ́ fáànù, ó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n gan-an. Ṣògo fẹ́ràn àga yìí bí ẹni fẹ́ràn àfẹ́sọ́nà. Ó kàn jẹ́ pé kì í ṣe òun nìkan ló ń fẹ́ ẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó yọjú sí Ìtura, ó bá a tí àyè ṣì wà rẹpẹtẹ. Ó mú fóònù, ó fẹ́ kọ òótọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo àga. Àga wò ó. Ló bá kọ ọ́ pé: "Ìtura: Ó ti kún! Ẹ má wulẹ̀ wá. Gbádùn ló láyè."

Ó wọlé, ó jókòó sábẹ́ fáànù, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Kò sẹ́ni tó wá. Kò tíì pàtẹ́wọ́ tí ẹja fi dé. Ìgbádùn náà wọ̀ ọ́ lára gan-an. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí Sátidé kan tí Ìtura ò "kún."

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Gbádùn tó wà lọ́nà Ìlọrin ló kún ní tòótọ́, àwọn tó há síbẹ̀ sì ń kùn. Ìtura ò kún, Ògúnfúnkẹ́ nìkan ló ń kùn nínú rẹ̀. Obìnrin náà ò mọ ohun tó ṣe òun. Ó pààrọ̀ ata. Ó kun ògiri ní ọ̀dà tuntun. Ó ra tẹlifíṣọ̀n tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀. Ó gbé omi àdúrà wá láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi wọ́n àga kọ̀ọ̀kan. Òfo. Ẹja tó bá kù, òun àti àwọn aládùúgbò ni wọ́n ń jẹ ẹ́ títí ọ̀sẹ̀ fi ń parí, wọn ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹja mọ́.

Ta ló wá ń tù ú nínú? Ṣògo ni, tòun ti egungun ẹja lẹ́nu.

"Ẹ má banú jẹ́, Ìyá Ìtura. Àwọn èèyàn ìlú yìí ò mọ nǹkan tó dáa ni. Ẹ bù sí i fún mi."

"Ẹ ṣé o, Ọ̀gá Ṣògo," obìnrin náà á dáhùn, omi á lé ròrò lójú rẹ̀. "Tí oṣù yìí bá tún rí báyìí, mo máa ti ilẹ̀kùn yìí pa ni. Ẹ̀yin nìkan lẹ dúró tì mí."

Ṣògo á mi orí bí ẹni tí àánú ń ṣe. Á sì tún na abọ́ sí i.

Ẹnì kan ṣoṣo ló fura. Fáṣínà lorúkọ rẹ̀, olùkọ́ kan tí ẹ̀rín rẹ̀ ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta. Ọmọ Ọ̀yọ́ lòun àti Ṣògo, wọ́n jọ kàwé níbẹ̀ kí iṣẹ́ tó gbé àwọn méjèèjì dé Ògbómọ̀ṣọ́. Fáṣínà gba iwájú Ìtura kọjá lọ́jọ́ kan, ló bá pe Ṣògo.

"Ṣògo, o ní Ìtura kún. Mo ń kọjá níwájú ẹ̀ báyìí. Àga ni mo rí, mi ò rí èèyàn."

"Wọ́n ti gba àwọn àga yẹn sílẹ̀."

"Ta ló gbà wọ́n?"

"Àwọn èèyàn ńlá."

"Àwọn èèyàn ńlá yẹn ò ṣeé fojú rí ni?"

Ṣògo pa fóònù. Ojú ẹsẹ̀ ló yọ Fáṣínà kúrò nínú ẹgbẹ́, ó ní ó fẹ́ da ìlú rú.

Àsìkò yẹn náà ni ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ kàwé ní Ọ̀yọ́ ń wá ẹni tí wọ́n máa fi ṣe alága ẹ̀ka Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣògo àti Fáṣínà ni wọ́n ń wò. Oyè yìí wọ Ṣògo lójú. Ó ti lọ tẹ káàdì orúkọ tí "Alága" wà lórí rẹ̀ gàdàgbà, ó kù kí wọ́n yàn án. Alága àpapọ̀ fúnra rẹ̀, Àlàmú oníkùn-bí-àgbá, tó ń ta sìmẹ́ńtì ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní òun àti àwọn àgbà ẹgbẹ́ máa wá ní Sátidé wá fojú ara àwọn rí ẹni tó yẹ. Ṣògo pè é.

"Alága, Ìtura ni kẹ́ ẹ wá tààrà. Ẹ ò ní dúró de ẹnikẹ́ni."

"Lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù? Ṣògo, ní Ọ̀yọ́ níbí, ìdúró ni mo fi ń wò ó."

"Ọ̀yọ́ yàtọ̀, Alága. Ọwọ́ mi ni Ògbómọ̀ṣọ́ wà. Tí mo bá wọ ilé ọtí, ńṣe ni wọ́n ń dìde. Tí mo bá ní kí wọ́n jáde, wọ́n á jáde. Ẹ máa bọ̀, ẹ ó rí i pé nítorí yín, mo lé gbogbo ìlú síta."

"Hẹn-ẹ́n?" Àlàmú ní. "A ó rí i."

Nígbà tí Sátidé pé, Ṣògo wọ agbádá funfun kan tó le gbagidi débi pé tó bá jókòó, agbádá á ṣì wà ní ìdúró. Ó ní kí Ògúnfúnkẹ́ se ẹja fún odidi ẹgbẹ́. Obìnrin náà fi gbogbo ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ra ẹja. Ó dáná, ó ń kọrin, ó ń nu àga tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ṣògo bọ́ sábẹ́ fáànù, ó yọ fóònù. Ó kọ ọ́: "Ìtura: Ó ti kún! Ẹ má wulẹ̀ wá." Ó kà á, ó ní kò dùn tó. Ó kọ òmíràn: "Ìtura: kò sí àyè ìdúró pàápàá." Ìyẹn náà ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. "Ìtura: ooru ti mú ọkùnrin kan dákú, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹ gba Gbádùn lọ!" Ìyẹn pa á lẹ́rìn-ín tó fi ń gbọ̀n. Ló bá tún fi ọ̀kan lé e: "Ìtura: wọ́n ti ń jókòó lórí ara wọn o!"

Lẹ́yìn náà, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó ń retí àlejò.

Ó retí. Kò sẹ́ni tó dé. Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń ṣe àtìlẹ́yìn fún gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, Ṣògo fò sókè, ó ké "Góòòlù!", ó na apá láti dì mọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́nì kankan. Ó dì mọ́ agbádá ara rẹ̀, ó jókòó padà.

Ògúnfúnkẹ́ yọjú láti ilé ìdáná. "Ọ̀gá Ṣògo, àwọn àlejò yín ńkọ́? Ẹja ti jinná o."

"Wọ́n ń bọ̀. Àwọn èèyàn ńlá kì í kánjú."

Ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó dìde, ó pe Àlàmú. Ariwo tó rọ́ jáde látinú fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ ya á létí. Àlàmú ò gbọ́ nǹkan kan níbi tó wà, ló bá fi fóònù tiẹ̀ sí sípíkà, ó gbé e sókè orí bí ẹni tó ń wá atẹ́gùn fún un. Ṣògo ò mọ ìyẹn.

"Alága, ibo lẹ wà?"

"Gbádùn!" Àlàmú pariwo. "Ó kù díẹ̀ kí wọ́n tẹ̀ wá pa!"

"Gbádùn kẹ̀? Ìtura ni mo ní kẹ́ ẹ wá!"

"A ti fẹ́ yà síbẹ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ wo inú ẹgbẹ́ rẹ tí o fi gbogbo wa sí. Ṣebí ìwọ lo kọ ọ́ pé èèyàn ti dákú? A ní ká má lọ dákú ṣe ìkejì!"

Ṣògo fúnra rẹ̀ ló fi àwọn ará Ọ̀yọ́ sínú ẹgbẹ́ ọ̀hún, kí wọ́n lè rí bí òun ṣe tó. Kò rò ó lẹ́ẹ̀kan pé wọ́n tún máa ka ohun tó wà níbẹ̀.

"Ó... ó ti jí, Alága. Ẹni tó dákú ti jí. Gbogbo wọn ti lọ sílé."

"Gbogbo wọn? Àwọn tó ń jókòó lórí ara wọn ńkọ́?"

"Wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀."

"Ṣògo, mi ò ní tìtorí ẹja kú. Látìgbà tá a ti dé ibí, ẹnikẹ́ni ò tíì fún wa ní omi lásán. Fáṣínà nìkan ló ṣàánú mi, ó fún mi ní ìlàjì àga rẹ̀, ìdí kan ni mo fi jókòó. À ń padà sí Ọ̀yọ́. Tó bá di ọ̀rọ̀ oyè, ọkàn wa ti ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó fún wa ní àga."

Orúkọ Fáṣínà yẹn wọ Ṣògo lára bí ata tó bọ́ sójú. Ó rí oyè tó ń bọ́ lọ. Ó rí káàdì orúkọ rẹ̀ gbogbo, gàdàgbà lásán. Ó la ẹnu, ó fi gbogbo agbára kígbe. Ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni iná lọ ní Gbádùn. Tẹlifíṣọ̀n kú, fáànù kú, rédíò kú, gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́, kò sì sí ohun mìíràn tó ń dún níbẹ̀ ju fóònù tó wà lókè orí Àlàmú:

"Ẹ má lọ! Ìtura ò kún! Kò kún rí! Èmi nìkan ló wà níbí! Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí àwọn aláriwo ìlú yìí má bàa wá gba àga mọ́ mi lọ́wọ́ ni! Gbogbo Sátidé ni mo ń kọ ọ́! Alága, ẹ má fi àwọn òpè yẹn ṣe, ohunkóhun tí mo bá sọ ni wọ́n ń gbà gbọ́. Tí mo bá ní àyè wà lórí òrùlé, wọ́n á gbé àkàbà!"



Lẹ́yìn náà ni Ṣògo gbọ́ ẹ̀rín kan tó dún bí ẹ̀rọ ìlọta. Ohùn mìíràn tẹ̀ lé e: "Ta ló ń bú bẹ́ẹ̀?" Ohùn rẹpẹtẹ wá ń dà lé ara wọn.

Ṣògo ní, "Alága... àwọn wo nìyẹn?"

"Àwọn òpè ni," Àlàmú dáhùn.

Fóònù pa.

Ṣògo yíjú padà. Ògúnfúnkẹ́ ló dúró sẹ́yìn rẹ̀, tòun ti abọ́ ẹja tó ń rú èéfín lọ́wọ́. Ó rọra gbé abọ́ náà lọ sórí tábìlì tó jìnnà jù lọ sí Ṣògo, ó nu ọwọ́, ó padà wá.

"Ìyá Ìtura, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé..."

"Ìwọ," Ògúnfúnkẹ́ ní.

Látọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n, "ẹ" àti "ẹ̀yin" ló fi ń bá a sọ̀rọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, gbogbo wọn já sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ìwọ, Ṣògo. O jókòó síbí, ò ń jẹ ẹja mi, ò ń tù mí nínú? Mò ń sunkún, ò ń ní kí n bù sí i? Mo rò pé ọwọ́ mi ló bàjẹ́! Mo wọ́n omi àdúrà sórí àga! Àṣé ojú ẹ ló yẹ kí n wọ́n ọn sí!"

Ṣògo ká agbádá rẹ̀ sókè, ó kọrí sí ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò tíì dé ibẹ̀ tí fèrè ọ̀kadà fi gba àdúgbò kan. Gbogbo Gbádùn ló ṣí wá. Àwọn kan wà lórí ọ̀kadà, èèyàn mẹ́ta mẹ́ta. Àwọn kan ń yọ orí jáde nínú kẹ̀kẹ́. Ọkọ̀ àwọn ará Ọ̀yọ́ ló ṣíwájú, Fáṣínà ń na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé rẹ̀ bí ẹni tó wọlé ìbò. Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ náà ṣe orin kó tó di pé wọ́n dé:

"Ṣògo, àwọn òpè dé o,
Àkàbà la gbé lọ́wọ́,
Fi òrùlé hàn wá o,
Ká tètè gùn ún!"

Wọ́n wọlé gììrì. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, kò sí àga tó ṣófo mọ́. Àlàmú bọ́ sábẹ́ fáànù, ó fi gbogbo ìdí rẹ̀ jókòó, ó mí kanlẹ̀. Ògúnfúnkẹ́ ò mọ èyí tí òun máa ṣe, ẹ̀rín ni àbí ẹkún. Ó ń ṣe méjèèjì pọ̀, ó sì ń bu ẹja.

"Ìyá Ìtura, ẹ má bínú o!" wọ́n ń kígbe sí i. "Wọ́n ní ẹ kún ni!"

"Mo kún fún ẹja!" lòun náà ń dá wọn lóhùn. "Ẹ jókòó!"

Àwọn kan ká Ṣògo mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri. "Ẹni tó dákú ńkọ́? Ṣé ó ti lè jẹun?" Ọ̀kan ń fi àwo fẹ́ ẹ, ó ní kí òun náà má bàa dákú.

Àlàmú pàtẹ́wọ́. "Ẹ jẹ́ ká yára, kí ẹja má bàa tutù. Ẹni tó bá fẹ́ kí Fáṣínà ṣe alága ẹ̀ka, kó nawọ́."

Gbogbo ilé nawọ́. Àwọn tí wọn ò dé Ọ̀yọ́ rí láyé wọn nawọ́. Àwọn tó ń wò lójú fèrèsé nawọ́. Ògúnfúnkẹ́ na ìgbákọ.

"Ó ku nǹkan kan," Fáṣínà ní. Ó dojú kọ Ṣògo, kò tíì lè dá ẹ̀rín dúró. "Ṣí ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀ kí gbogbo èèyàn lè sọ̀rọ̀. Kí o sì fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tí o ṣe."

Ṣògo wo ẹnu ọ̀nà. Èrò ti dí i. Ó tẹ fóònù, ó ṣí ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ó fi ohùn wẹ́ẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀.

"Èmi Olúwaṣògo... Ìtura ò kún ní gbogbo Sátidé tí mo ní ó kún. Irọ́ ni mo pa. Ẹ má bínú."

"Sọ̀rọ̀ sókè!" wọ́n ní. Ó tún un sọ.

Ohùn náà lọ. Fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí ibà ń ṣe, èsì ń rọ́ wọlé láti gbogbo ìlú. Fáṣínà gbà á, ó ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan fún gbogbo ilé gbọ́. Ẹnì kan ní kí Ṣògo san owó ọ̀kadà òun padà. Bàbá kan ní òun gba àdúrà ọjọ́sí padà.

Ohùn obìnrin kan wá dún nínú fóònù náà, "Ṣògo!", ara Ṣògo sì le gbagidi bí agbádá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni, láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Nígbà tí Ṣògo ń wá èrò sínú ẹgbẹ́, gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù rẹ̀ ló kó síbẹ̀, kò sì rántí yọ ti ìyá rẹ̀.

"Ṣògo, mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, ẹ kú ìfaradà o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án jù, ọmọ mi ni. Ìwọ náà, tí wọ́n bá nà ọ́ tán, kó o pè mí. Kì í ṣe báyìí o. Mò ń wo bọ́ọ̀lù lọ́wọ́."